Probiotic àti àrùn ìfun elégbò: ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin ará Kwárà

Ìyá Hàlímà, Adéwọlé, Ìlọrin:

Àsàlámù àlékùm, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Mo ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi dáhùn. Ọmọbìnrin mi, tó ti parí ilé ìwé gíga, ti ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Àwọn kan ní taifọ́ọ̀dù ni, àwọn kan ní ìgbẹ́ ọ̀rìn ni, àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ sì fọwọ́ sọ̀yà pé jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni, wọ́n sì gbé àgbo oríṣiríṣi wá. Ìgbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, tí wọ́n fi ẹ̀rọ olójú wo inú ìfun rẹ̀, tí wọ́n sì gé bíńtín nínú ara ìfun náà lọ fún àyẹ̀wò, ni dókítà tó sọ fún wa pé ulcerative colitis, ìyẹn àrùn ìfun elégbò, ni. Ó ti ń lo mesalazine báyìí, ẹ̀jẹ̀ náà sì ti dáwọ́ dúró, àlùhàmúdúlíláhì.

Ohun tó gbé mi wá síbí ni ọ̀rọ̀ tí arábìnrin kan ní asalátù wa sọ fún mi. Ó ní probiotic kan wà, ìyẹn kòkòrò alààyè tí à ń gbé mì, tí yóò wo àìsàn náà sàn pátápátá, tí ọmọ náà yóò sì lè fi oògùn dókítà sílẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n má fi owó ṣòfò, pé nọ́nọ̀ àti wàrà àwọn Fúlàní, pẹ̀lú omi ògì, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ṣé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn? Bí ó bá wà, èwo ni kí n rà, báwo ni kí ó sì ṣe lò ó? Mo fẹ́ gbọ́ láti ẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n àti àwọn tó ti lò ó.

Apòògùn Táńkẹ̀:

Wà àlékùmù sàlámù, Ìyá wa. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ọlọ́run yóò bá wa fún un ní àlàáfíà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fi mesalazine sílẹ̀ nítorí probiotic kankan. Oògùn yẹn ló dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, lílò rẹ̀ déédéé nígbà tí ara bá ti yá gan-an ni kì í sì í jẹ́ kí àìsàn náà tún rú sókè.

Ní ti probiotic, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé ṣàlàyé rẹ̀ ní 2001 pé ó jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín tó máa ń ṣe ara láǹfààní bí ènìyàn bá lò ó ní ìwọ̀n tó tó. Gbólóhùn náà kúrú, ṣùgbọ́n ó ka nǹkan mẹ́ta léèwọ̀ fún oníṣòwò: kò gbọdọ̀ ta òkú kòkòrò, kò gbọdọ̀ ta èyí tí kò pọ̀ tó, kò sì gbọdọ̀ pariwo àǹfààní tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí nínú ara ènìyàn. Nínú àwọn tí wọ́n máa ń gbé wá fún mi láti tà, ọ̀pọ̀ ni kò lè fi ẹ̀rí ẹyọ kan hàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìdí tí àwọn onímọ̀ fi ronú kan kòkòrò rárá ni pé ìfun ńlá wa kún fún bakitéríà, àti pé nínú ẹni tó ní àrùn yìí, oríṣiríṣi wọn máa ń dínkù, pàápàá àwọn tó ń sọ èròjà oúnjẹ di ohun tí awọ ìfun fúnra rẹ̀ fi ń gbé ara ró. Wọ́n wá rò pé bí a bá dá àwọn tó dára padà, agbára ìdáàbòbò ara tó dojú ìjà kọ ìfun yóò rọlẹ̀. Èrò náà mọ́gbọ́n dání. Àbájáde ìwádìí ni kò dọ́gba.

Fún irú àìsàn tí ọmọ yín ní, méjì ni mo lè tọ́ka sí pé wọ́n ní ẹ̀rí díẹ̀ lẹ́yìn. Àkọ́kọ́ ni Escherichia coli Nissle 1917. Dókítà Alfred Nissle ará Jámánì ló yọ ọ́ jáde ní 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, láti inú ìgbẹ́ ọmọ ogun kan tí ìgbẹ́ gbuuru kò mú nígbà tí ó ń mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 2004, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe fún odidi ọdún kan lára 327 ènìyàn tí ulcerative colitis wọn ti rọlẹ̀. Iye àwọn tí àìsàn náà tún rú lára wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín àwọn tó lo Nissle àti àwọn tó lo mesalazine. Èkejì ni àdàpọ̀ ẹ̀yà kòkòrò mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní VSL#3 nígbà ìwádìí náà, èyí tí wọ́n fi kún oògùn fún àwọn tí àìsàn wọn kò le jù, tí ó sì ran àwọn kan lọ́wọ́. Ẹ wá wo iye rẹ̀: àwọn olùwádìí fún wọn ní ohun tó lé ní 3,000 bílíọ̀nù kòkòrò lójúmọ́. Kápúsù tí ẹ máa rí ní kẹ́mísì àdúgbò sábà máa ń ní bílíọ̀nù díẹ̀ péré.

Síbẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìfun ní Amẹ́ríkà, ìyẹn AGA, kó gbogbo ẹ̀rí náà jọ ní 2020, wọ́n gbà pé kò tíì tó. Wọ́n dá a lámọ̀ràn pé kí àwọn tó ní ulcerative colitis tàbí àrùn Crohn, ìyẹn àrùn ìfun mìíràn tó jọ ọ́, má lo probiotic fún ìtọ́jú àìsàn náà àyàfi bí wọ́n bá wà nínú ìwádìí. Àwọn kan ṣoṣo tí wọ́n yọ̀ǹda fún, tìṣọ́ratìṣọ́ra náà ni, ni àwọn tí wọ́n ti gé ìfun ńlá wọn kúrò, tí wọ́n fi ìfun kékeré ṣe àpò dípò rẹ̀, tí àpò náà sì máa ń wú. Ẹ̀rí ti àwọn yẹn dára ju ti ìyókù lọ: ní Bologna ní ilẹ̀ Ítálì, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000, 40 ènìyàn ni wọ́n pín sí méjì, láàárín oṣù mẹ́sàn-án, àìsàn náà padà sára mẹ́ta nínú 20 tó lo VSL#3, ó sì padà sára gbogbo 20 tó lo oògùn aláìlágbára, ìyẹn èyí tí kò ní oògùn gidi kankan nínú. Ọmọ yín kò sí nínú irú àwọn wọ̀nyí.

Nítorí náà, Ìyá Hàlímà, «ṣé probiotic dára» kọ́ ni ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi arábìnrin yẹn. Ẹ bi í pé ẹ̀yà wo, fún àrùn wo, ní ìgbà wo, àti ìwọ̀n mélòó. Kòkòrò wọ̀nyí dà bí ènìyàn tó ní orúkọ ìdílé, orúkọ àbísọ àti oríkì. Bí ẹ bá gbọ́ Lactobacillus rhamnosus GG, ẹ̀yìn GG yẹn ni ìwádìí tí wọ́n ṣe wà, ẹni tó bá sì kọ Lactobacillus nìkan sára ìgò kò tíì sọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ fún yín.

Ìyá Hàlímà:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin apòògùn wa. Mo ka ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo yẹ páálí tí arábìnrin náà fi ránṣẹ́ sí mi wò: «Lactobacillus» ló wà lára rẹ̀, kò sí nọ́ńbà kankan, kò sì sí iye. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnìkan dá mi lóhùn lórí wàrà àti omi ògì.

Ará Òmù-Àrán:

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Àrùn Crohn ni tèmi. Mo sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un kí a tó dé orí wàrà, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń ka ojú ewé yìí yóò rò pé ọ̀kan náà ni àìsàn méjèèjì. Ulcerative colitis kì í kúrò ní ìfun ńlá, láti ìdí ni ó sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ tí yóò fi máa gòkè. Ti Crohn, tí wọ́n fi orúkọ Burrill Crohn pè lẹ́yìn tí òun àti Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer kọ nípa rẹ̀ ní New York ní 1932, lè mú ènìyàn níbikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí. Ó ń fo ibì kan, ó ń mú ibòmíràn, egbò rẹ̀ sì lè jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìfun yóò fún pọ̀ tàbí tí yóò lu sí ibi tí kò yẹ.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ẹ̀rí díẹ̀ tí apòògùn kà sílẹ̀ yẹn kò kàn wá rárá. Wọ́n ti fi Lactobacillus GG dán àwọn aláìsàn Crohn wò, lára àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún pàápàá, kò sì borí oògùn aláìlágbára. Dókítà tí ń tọ́jú mi sọ fún mi láìfi bò pé kí n má fi owó mi ra á. Owó tí ǹ bá fi ra á ni mo fi ń ra azathioprine tí mo sì fi ń san owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e, nítorí oògùn náà lè dín àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kù.

Nǹkan kan tún wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà gbójú fò. Ikọ́ ife lè mú ìfun, bí ó bá sì mú un, ó máa ń jọ Crohn gan-an lójú ẹ̀rọ. Oògùn tí wọ́n ń fún oní-Crohn máa ń dín agbára ìdáàbòbò ara kù, ìyẹn ni yóò sì fún ikọ́ ife láyè láti tàn kálẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe yẹ̀ mí wò fún un kí wọ́n tó fún mi ní ohunkóhun. Ẹni tó bá ń ra probiotic fún ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò ń fi àkókò ṣeré.

Olùkọ́ Ìmọ̀ Oúnjẹ, Màlété:

Ìyá Hàlímà, mo ti ń dúró de ìbéèrè yín lórí wàrà, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni.

Wàrà tí à ń jẹ ní Ìlọrin, ì báà jẹ́ èyí tó wà nínú omi rẹ̀ tàbí èyí tí wọ́n dín, kì í ṣe probiotic. Ẹ rántí bí àwọn ìyá Fúlàní ṣe ń ṣe é: wọ́n á gbé wàrà màlúù ka iná, wọ́n á fún oje ewé bọmubọmu sí i, oje yẹn ni yóò mú kí ó dì, wọ́n á sì sè é títí tí omi rẹ̀ yóò fi yà sọ́tọ̀. Ewé ló dì í, kì í ṣe kòkòrò, iná sì ti pa èyí tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó jẹ́ oúnjẹ aṣaralóore tó kún fún ohun tí ń mú ara le, ẹni tí àìsàn ti mú rù sì lè jàǹfààní rẹ̀. Kí a má kàn pè é ní ohun tí kò jẹ́.

Nọ́nọ̀ yàtọ̀. Òun ni wọ́n fi sílẹ̀ títí tó fi kan, kòkòrò alààyè sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wàrà tútù tí wọn kò sè ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, àrùn brucella àti ikọ́ ife màlúù sì lè gba ibẹ̀ wọ ara ènìyàn. Bí ẹ bá sè é láti pa àrùn, ẹ ti pa kòkòrò tó ṣàǹfààní pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá sè é, ẹ ń fi ọmọ tó ń ṣàìsàn wewu. Fún ẹni tó ń lo oògùn tó ń dín agbára ìdáàbòbò ara kù, bíi prednisolone tàbí azathioprine, mo rò pé kò yẹ kó mu nọ́nọ̀ tútù rárá, ibi yòówù kó ti rà á.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un nípa wàrà mímu lápapọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó padà di mínísítà ètò ìlera ní 1985, pẹ̀lú Norman Kretchmer ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ẹ̀yà ilẹ̀ wa ṣe ń da ṣúgà inú wàrà. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìfun ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlagbà Yorùbá kò lè da ṣúgà náà, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran lè dà á. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá mu wàrà tí inú rẹ̀ bá ń kùn, tí ó sì ń yàgbẹ́ omi láìsí ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ wàrà ló fà á, kì í ṣe pé àìsàn náà rú. Yúgọ́ọ̀tì rọrùn díẹ̀ fún irú ìfun bẹ́ẹ̀ nítorí kòkòrò rẹ̀ ti jẹ lára ṣúgà náà.

Yúgọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀, Lactobacillus bulgaricus àti Streptococcus thermophilus ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá tún fi iná sè é lẹ́yìn tó ti kan kí ó lè pẹ́ lórí igbá, kòkòrò inú rẹ̀ ti kú. Èyí tí wọ́n bá ń tà lábẹ́ oòrùn ní Pósítọ́fíìsì tí kò sì bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ fura sí i pé kò sí ohun alààyè nínú rẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kòkòrò rẹ̀ wà láàyè, tí wọ́n gbé sínú firíìjì, tí kò sì ní ṣúgà púpọ̀. Kódà èyí tó dára jù nínú wọn, oúnjẹ ni. Wọn kò tíì fi hàn pé ó ń wo ìfun elégbò sàn.

Ó wá ku ògì. Nígbà tí a bá rẹ àgbàdo, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, tí a fi sílẹ̀ kó kan, Lactobacillus plantarum àti ẹbí rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìwúkàrà sì máa ń wà pẹ̀lú wọn. Ẹ̀kọ tí a sè ti pa wọ́n. Omi orí ògì, èyí tí àwọn kan ń pè ní omidùn, ni wọ́n ṣì wà láàyè nínú rẹ̀, àwọn àgbà sì mọ̀ ọ́n fún ìgbẹ́ gbuuru tipẹ́. Kì í ṣe àròsọ lásán: ní 1994, àwọn olùwádìí ilẹ̀ wa kọ̀wé nípa ògì kan tí wọ́n fi kòkòrò tí wọ́n ṣà lẹ́sà ṣe, tí wọ́n pè ní Dogik, tí ó ń bá àwọn bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru jà. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru tí àrùn gbé wọlé ni wọ́n ń bá jà. Nínú ulcerative colitis, kò sí kòkòrò àjèjì tí a fẹ́ lé jáde. Ara ẹni ló ń bá ìfun ẹni jà. Ẹ tún ronú nípa omi tí wọ́n fi rẹ àgbàdo náà, bóyá kànga ni tàbí ẹ̀rọ, ta ló sì mọ bí wọ́n ṣe fọ ìkòkò rẹ̀.

Ti irú nìkan ló máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu. Bacillus subtilis ló ń sọ èso igi igbá di irú, èèpo líle tí kòkòrò náà máa ń fi bo ara rẹ̀ sì lè fara da ọbẹ̀ gbígbóná. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo oúnjẹ wa tó kan, irú inú ọbẹ̀ ló ṣeé ṣe kí ó gbé ohun alààyè dé inú ìfun jù. Mi ò sọ pé oògùn ni o. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè máa sè é lọ láìfòyà, bí ó bá ti bá ọmọ yín lára mu. Ní ti gàrí, yíyan tí wọ́n yan án ti parí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọmọ Ìgbájà:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́. Ní ilé wa, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń lo èyí tí àwọn oníṣòwò alájọtà máa ń gbé wá sílé, owó rẹ̀ sì ń ga sí i lóṣooṣù. Wọ́n ní kí ó fara dà á bí inú bá ń ro ó, pé májèlé ló ń jáde. Báwo ni a ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó?

Apòògùn Táńkẹ̀:

Ọmọ Ìgbájà, ọ̀rọ̀ «májèlé ń jáde» yẹn nìkan ti tó láti fi dá ọjà náà padà. Inú lè kún fún afẹ́fẹ́ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ìyẹn kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ṣùgbọ́n inú rírun tó ń le sí i tàbí ẹ̀jẹ̀ tó tún yọjú kì í ṣe àmì ìwòsàn. Kí ẹ̀gbọ́n yín dá a dúró, kí ó sì lọ rí dókítà rẹ̀.

Lára páálí, mo máa ń wá nọ́ńbà NAFDAC, orúkọ kòkòrò náà ní kíkún pẹ̀lú ẹ̀yà rẹ̀, iye tí yóò ṣì wà láàyè títí di ọjọ́ tí yóò parí, nítorí ọ̀pọ̀ máa ń kọ iye tó wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é nìkan, àti ìwọ̀n ìgbóná tí wọ́n ní kí a tọ́jú rẹ̀ sí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń dá wa lágara jù ní Ìlọrin. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé inú firíìjì ni kó máa gbé, tí ó wá gba inú ọkọ̀ láti Èkó dé ọ̀dọ̀ wa nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà, tí iná sì lọ ní ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ méjì, ìyẹ̀fun lásán ni ẹ ń rà. Nọ́ńbà NAFDAC náà kò sọ pé ó ń wo àrùn kan sàn. Ó kàn sọ pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀ffà:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àwọn tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan probiotic láìbéèrè ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí àwọn ènìyàn máa ń rò pé ohun tó bá wá láti inú oúnjẹ kò lè pani lára.

Ẹni tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ ti rẹlẹ̀, yálà nítorí oògùn tàbí àìsàn mìíràn, ẹni tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ki rọ́bà sí iṣan ńlá rẹ̀, àti ẹni tí ìfun rẹ̀ ti di egbò púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dá kòkòrò dúró mọ́: nínú irú àwọn wọ̀nyí, kòkòrò tí a gbé mì lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí mo ń ṣọ́ jù ni Saccharomyces boulardii, ìwúkàrà tí Henri Boulard ará Faransé rí lára èso ní Indochina ní àwọn ọdún 1920, tí wọ́n sì ń tà káàkiri fún ìgbẹ́ gbuuru. Ó dára fún ohun tí wọ́n ṣe é fún, oògùn apakòkòrò kì í sì í pa á nítorí kì í ṣe bakitéríà. Ṣùgbọ́n a kì í tú kápúsù rẹ̀ lẹ́bàá ẹni tó ní rọ́bà iṣan ńlá lára, nítorí eruku rẹ̀ lásán lè kó bá a.

Àwọn àmì wà tí kò gba ìjíròrò. Bí ọmọ yín bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ìgbà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tí ibà sì tún wà níbẹ̀ tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń sáré, tàbí tí ikùn rẹ̀ wú tó le tó sì ń dùn ún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má fún un ní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, nítorí ìfun lè wú kí ó sì bẹ́.

Kí n tún sọ èyí tí ẹ kò béèrè: oògùn ìrora bíi diclofenac àti ibuprofen, tí a máa ń rà bíi gúgúrú, lè mú kí àìsàn náà rú. Paracetamol ni kó máa lò bí orí bá ń fọ́ ọ. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí àwọn ẹbí gbé wá náà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń mú inú ṣí gidigidi, wọ́n sì ń fi ọtí rẹ òmíràn. Mo ti rí ẹni tó ń ra probiotic olówó gọbọi ní àárọ̀ tí ó sì ń mu àgbo bẹ́ẹ̀ ní alẹ́.

Àlfà Gàmbàrí:

Àsàlámù àlékùm. Mo fẹ́ béèrè nítorí àwọn tó ń bọ̀ wá bá mi bí Ràmàdáánì bá ti ń sún mọ́lé. Ẹni tó bá ní àìsàn yìí, tó ń lo oògùn àti probiotic, ṣé ó lè gbààwẹ̀? Ní ti ẹ̀sìn, Sūrat al-Baqarah ti yọ̀ǹda fún aláìsàn kí ó ṣínu, kí ó sì san án padà lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ ti ìlera ni mo fẹ́ mọ̀.

Apòògùn Táńkẹ̀:

Àlfà wa, ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá ń rú lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀, nítorí omi tó ń bá ìgbẹ́ lọ pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti rọlẹ̀ lè bi dókítà rẹ̀ léèrè ṣáájú ààwẹ̀, kí wọ́n lè wò ó bóyá oògùn rẹ̀ ṣeé lò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ní sààrì. Probiotic ni ìṣòro rẹ̀ kéré jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá ń lò ó, kó lò ó pẹ̀lú oúnjẹ ìṣínu tàbí sààrì, bí ó bá sì ń lo oògùn apakòkòrò nígbà kan náà, kí wákàtí mélòó kan wà láàárín wọn.

Ìyá Hàlímà:

Ọlọ́run yóò san án fún gbogbo yín. Mo ti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Kò ní fi mesalazine rẹ̀ sílẹ̀, a ó sì dá páálí tí kò ní nọ́ńbà padà fún ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ó ṣì wù ú láti dán probiotic gidi wò gẹ́gẹ́ bí àfikún, bí dókítà bá gbà. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́?

Apòògùn Táńkẹ̀:

Bí dókítà bá gbà, Ìyá wa, kí ó jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ó yí padà ní àsìkò náà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ probiotic lọ́sẹ̀ tó tún jáwọ́ nínú ata tó sì pààrọ̀ oògùn, ẹ kò ní mọ èwo ló ṣe é. Kí ó ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ iye ìgbà tó yàgbẹ́, bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, bóyá ó jí lóru nítorí rẹ̀, àti bí agbára rẹ̀ ti rí. Kí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ ṣáájú kápúsù àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá ni wọ́n lò nínú àwọn ìwádìí VSL#3 fún ulcerative colitis, nítorí náà bí kò bá sí ìyàtọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ fi owó náà ṣe nǹkan mìíràn.

Àyẹ̀wò ìgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní calprotectin, tó máa ń fi hàn bóyá ìfun ṣì ń wú nínú bí ara tilẹ̀ yá lóde. Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ béèrè ní klíníkì àwọn dókítà ìfun ní UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, nígbà tí ẹ bá tún lọ. Ẹ mú páálí probiotic náà àti ìwé àkọsílẹ̀ yẹn dání. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọjú ṣáájú ọjọ́ àdéhùn, ẹ má dúró de ọjọ́ náà.